Orí Tí A Bẹ́ Kì Í Fọ́ Mọ́

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́, ó sì ti yọ ọ̀pọ̀ orí lọ́wọ́ ewu. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má tan ara wa: orí ta ni wọ́n bẹ́ rí tó tún ráhùn pé òun ń fọ́? Àwọn àgbà kàn sọ tiwọn ni, wọn ò dán an wò. Àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà Java ní Kalifóníà ló dán an wò, oògùn náà sì jẹ́.

Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà á rántí Java Web Start. Ọdún 2001 ni ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems gbé e jáde. Kò sí pé à ń gbé síídì láti tábìlì dé tábìlì mọ́ ká tó lè fi ètò sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ó kàn tẹ líǹkì kan lójú ìkànnì. Fáìlì kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .jnlp á wọlé, Java á kà á, á lọ kó ẹrù tó kù wá fúnra rẹ̀, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tó kọ ètò náà bá tún un ṣe lálẹ́, tuntun lẹ ó bá láàárọ̀. Àwọn tó ń ṣe server náà fi í sínú ọjà wọn, kí ẹni tó jókòó sílé lè máa wo ojú ẹ̀rọ tó wà ní ìlú mìíràn, kó pa á, kó tún un tàn, láìgbéra.

Orí gidi ni. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ni.

Ní oṣù kìíní ọdún 2013, àwọn ọ̀daràn rí ihò kan nínú Java. Ẹ ṣáà ti ya ojú ìkànnì tí wọ́n dẹ pańpẹ́ sí, wọ́n ti wọnú kọ̀ǹpútà yín nìyẹn. Ó le débi pé iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò abẹ́lé gba aráàlú nímọ̀ràn pé kí wọ́n pa Java inú aṣàwákiri wọn. Oracle, tó ti ra Sun láti 2010, sáré dí ihò náà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Mi ò ní torí pé mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ kí n sọ pé ẹ̀fọ́rí náà kì í ṣe gidi. Gidi ni.

Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2014, wọ́n yọ àdá. Update 51 fún Java 7 ló gbé òfin náà dé: ètò tí kò bá ní ìbuwọ́lùwé kò gbọdọ̀ ṣí. Èyí tí ẹni tó kọ ọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lù kò kà; àfi kó ra ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ àwọn tí Java mọ̀, owó rẹ̀ sì rèé, ẹ ó máa tún un san ni. Ẹni tó tiẹ̀ ti rà á, bí kò bá kọ ìlà tí wọ́n ń pè ní Permissions sínú ẹrù rẹ̀, ìta ló máa sùn. Ètò tí ẹ lò lánàá títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, àpótí kékeré kan yọ pé ààbò ló dí i lọ́nà. Ẹ ó tẹ OK. Kò sí èyí tí ẹ lè tẹ̀ láti fi sọ pé ẹ ò gbà.

Kódà ètò tí ilé-iṣẹ́ kọ fún ara rẹ̀, tó wà lórí server inú ọgbà wọn, tí kò fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì rí, òun náà bá a lọ. Ọlọ́dẹ tí wọ́n gbà nítorí olè ló wá ń bi onílé pé ìwé rẹ̀ dà. Òótọ́ ni pé Oracle ti kìlọ̀ ṣáájú, àwọn tó kọ ètò ló dití sí i. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tó fẹ́ ṣí ìwé owó oṣù, ta ló kìlọ̀ fún un?

Ọlọ́dẹ yìí kan náà sì rèé o: lásìkò yẹn, bí ẹ bá ń ṣe update Java lórí Windows, á ti bá yín fàmì sí i pé ẹ fẹ́ Ask Toolbar. Bí ẹ ò bá fojú sílẹ̀ kí ẹ yọ àmì náà kúrò, àlejò tí ẹ ò pè ti dé sínú aṣàwákiri yín. Bí ẹ sì ti ń dúró kó parí, wọ́n á máa kọ ọ́ sí yín lójú pé bílíọ̀nù 3 ẹ̀rọ ló ń lo Java. Iye èyí tó ṣí láàárọ̀ ọjọ́ náà ni wọn ò kọ.

Wọ́n fi àlàfo kan sílẹ̀ ṣá, wọ́n pè é ní Exception Site List. Ẹ ó kọ àdírẹ́ẹ̀sì ìkànnì náà síbẹ̀, Java á ṣíjú kúrò. Ẹ wá gbọ́ bí ọmọkùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ṣe máa ń ṣe é lórí fóònù:

"Ẹ ṣí Control Panel, mà. Ẹ tẹ Java. Ẹ tẹ Security."

"Ó ní ewu wà níbẹ̀ o."

"Ẹ má dá a lóhùn, mà. Ẹ tẹ Continue."

"Ó tún ń bi mí nǹkan."

"Ohun yòówù tó bá ń bi yín, mà, ẹ ṣáà máa tẹ̀ ẹ́."

Ààbò rèé! Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ bá àkójọ kankan yọ ara wọn lẹ́nu, wọ́n fa ìwọ̀n ààbò wálẹ̀ sí Medium. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2014, Java 8 update 20 yọ Medium dànù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, ó kan àwọn tó ti sanwó, tí wọ́n buwọ́ lùwé bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n ṣe: bí ó bá jẹ́ ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní MD5 ni wọ́n fi buwọ́ lù ú, Java ní òun ò rí ìbuwọ́lùwé kankan níbẹ̀. Àwọn tí iṣẹ́ wọn kò lè dúró ṣí fáìlì java.security, wọ́n wá ìlà tí wọ́n kọ àwọn tí wọ́n fòfin dè sí, wọ́n pa MD5 rẹ́ kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 ni orí bọ́ sílẹ̀: Java 11 jáde láìní Web Start nínú rárá. Láti ìgbà náà, kò sí olè tó gba inú Web Start Java 11 wọlé rí. Ẹ ò ri pé oògùn jẹ́? Àwọn kan tiẹ̀ tún rán orí mọ́ ọrùn padà: ilé-iṣẹ́ Karakun ṣe OpenWebStart, ọ̀fẹ́ sì ni, torí ẹgbàágbèje fáìlì .jnlp ṣì wà nílẹ̀ tí wọ́n ń wá ẹni tó máa ṣí wọn.

Ṣùgbọ́n server tí wọ́n rà ní 2010 kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ti kú. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́, Java àtijọ́ nìkan ló sì lè fi ojú rẹ̀ han ẹni tó wà lókèèrè. Nítorí náà, nínú ọ̀pọ̀ yàrá server, láptọ́ọ̀pù ògbólógbòó kan wà lórí pẹpẹ, tí Java 6 wà nínú rẹ̀, gbogbo ihò rẹ̀ pé pérépéré, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ẹ̀rọ tó kù wà. Bí òṣìṣẹ́ tuntun bá dé, wọ́n á mú un débẹ̀, wọ́n á fi bí wọ́n ṣe ń tàn án hàn án, wọ́n á sì kì í nílọ̀ pé bó bá bi í bóyá kó ṣe update, kó yáa tètè sọ pé rárá.