Ẹ Bá Mi Bẹ Àwọn Olùkọ́ Apòògùn

Ẹ gbà mí, ẹ̀yin ará. Télọ̀ ni mí n'Ìbàdàn, n kò bá ẹnikẹ́ni jà, àmọ́ àwọn tó ń kọ́ ọmọ mi níṣẹ́ apòògùn kò jẹ́ kí n sùn. Òru ni Àbẹ̀kẹ́ ń ké orúkọ oògùn: propranolol, atenolol, lisinopril, enalapril. Aládùúgbò kan ti bi mí pé ìjọ wo là ń lọ báyìí.

Nígbà tí wọ́n ní ẹ̀kọ́ náà ti kúrò ní B.Pharm ọlọ́dún 5, ó ti di Pharm.D ọlọ́dún 6, mo gbà láti san owó ọdún kan sí i, torí mo rò pé ọmọ yóò ráyè mí. Irọ́ gbuu! Ẹrù ọdún méjì ni wọ́n tì sínú ọdún kan tí wọ́n fi kún un.

Ibà wá kọ lù mí. Mo ra artemether-lumefantrine, mo ní kí amòye inú ilé wá ṣàlàyé. Ó ní ará Ṣáínà kan, Tu Youyou, ló rí artemisinin lára ewé, òun ni wọ́n fún lẹ́bùn Nobel lọ́dún 2015. Ó fa bírò yọ, ó ya bí kẹ́míkà náà ṣe so kọ́ra sínú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n aṣọ oníbàárà sí. Mo ní, ṣé kí n jẹun kí n tó lò ó?

"Bàámi, a ò tíì débẹ̀. 500 level ni."

Ìyá tó ń ta oògùn ní ìkòríta ló sọ fún mi pé kí n fi oúnjẹ ọlọ́ràá lò ó kó lè ṣiṣẹ́ lára, kí n lo ẹlẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn wákàtí 8, kí n sì lo hóró 24 náà tán láàárín ọjọ́ 3, ara ìbáà tètè yá. Àkàrà ni mo fi lò ó.

Ohun tó ń ṣe àwọn olùkọ́ wọ̀nyí ni pé wọn kì í yọ nǹkan kúrò. Lọ́dún 2005 ni Nàìjíríà ti pa chloroquine tì gẹ́gẹ́ bí oògùn àkọ́kọ́ fún ibà, síbẹ̀ síláìdì rẹ̀ ṣì sanra. Olùkọ́ mẹ́ta ló ti kọ́ Àbẹ̀kẹ́ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kò sí èyí tó bi ẹnì kejì pé kí lo ti kọ́ wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó sì ti ń wádìí ewé kan láti ìgbà èwe rẹ̀, ta ló fẹ́ sọ fún un pé kó dín ewé kù?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jókòó pọ̀ síbì kan, ẹ kó síláìdì yín dání. Bí ìyá arúgbó kan bá wá síwájú káńtà, tó ń lo warfarin, tó tún ní kí wọ́n ta ibuprofen fóun, ọmọ yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ lè dà nínú ikùn màmá. Irú èyí ni kó há sórí. Èyí tó kù, ẹ kọ́ ọ bó ṣe máa wá a nínú ìwé. Bí ẹ bá sì fi ọ̀kan kún un, ẹ yọ ọ̀kan. Oníbàárà lè gbé yáàdì mẹ́wàá wá, èmi á gé èyí tó bá a mu.

Lálẹ́ àná, olùkọ́ kan tún fi síláìdì ránṣẹ́: òun kò ráyè kọ́ ọ ní kíláàsì, kí wọ́n fúnra wọn kà á, ìdánwò máa jáde níbẹ̀. Títí ilẹ̀ fi mọ́ ni iná ń jó nílé mi. Ta ni kí n wá kọ owó iná sí lọ́rùn?