Bí Mo Ṣe Gba Ife Ẹ̀yẹ Eré Ọkọ̀ ní Sùúrùlérè

Bí ọ̀rọ̀ eré ọkọ̀ bá délẹ̀ láàárín àwa arúgbó tí a máa ń kóra jọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú sí ìsọ̀ ìyá alámàlà kan lẹ́yìn òpópónà Adéníran Ògúnsànyà, kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó ṣe ipò kejì rí láyé rẹ̀. Ọ̀kan yóò ní òun fi Honda bá rélùweè dù ú láti Yàbá dé Òṣòdì, àti pé òun ti jẹ ẹ̀wà tán, òun sì ti fi omi lé e, kí rélùweè tó fọn fèrè wọlé. Èkejì yóò ní nígbà tí òun wa Datsun òun kọjá ní Fadéyì, atẹ́gùn rẹ̀ ṣí gèlè lórí àwọn obìnrin tí ó wà ní Jíbówú. Èmi ni wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún kẹ́yìn, nítorí pé nínú gbogbo wa, èmi nìkan ni mo ní ife ẹ̀yẹ tí mo lè fi ṣe ẹ̀rí. Bí mo bá sì ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo wọn yóò dákẹ́ lọ́lọ́, n óò wá gbé ìtàn mi kalẹ̀, ìtàn tí mo ti ń dán bí ẹni ń dán bàtà láti ohun tí ó lé ní ogójì ọdún. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi ti lo ogún ọdún lọ́nà méjì, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n tú àpò náà fúnra mi, kí ẹlòmíràn tó bá mi tú u.

N óò kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ti alùpùpù, nítorí òun ni àkọ́bí ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, nígbà tí ìjọba san owó Udoji, tí akọ̀wé kékeré bíi tèmi sì gba àjẹsílẹ̀ oṣù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ra rédíò, àwọn kan gbéyàwó, èmi ra Honda 175 pupa fòò kan, mo sì ra ṣòkòtò tí n óò máa fi gùn ún. Ẹni tí ó bá gbọ́njú nígbà náà kò ní gbàgbé irú ṣòkòtò ọ̀hún: ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gbálẹ̀ títì kiri, tí àwọn ará Èkó fi sọ ọ́ ní "Keep Lagos Clean". Ní àárọ̀ ọjọ́ Iléyá kan, èmi àti àwọn ọmọ Mùṣin mẹ́ta to alùpùpù wa ní Ojúẹlẹ́gba, a ní ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé Ọlọ́ṣà ni ọkùnrin. Mo ti yọ ìbòrí ṣéènì Honda mi lálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ọdún, kí ó lè fúyẹ́. Ó fúyẹ́ lóòótọ́, mo sì ń ṣíwájú títí a fi dé Ìdí-Orò. Ibẹ̀ ni ṣéènì ti gbá ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi òsì mú, tí ó ń ká a wọlé díẹ̀díẹ̀ bí ìyá arúgbó ti í ká òwú, tí ó ká a dé orúnkún, tí ó ká a dé itan, tí Honda fi rọra dùbúlẹ̀ sínú gọ́tà, tí èmi náà sì tẹ̀ lé e. Àwọn Mùsùlùmí tí ń bọ̀ láti Yídì dúró yí mi ká nínú agbádá funfun, wọ́n ń kí mi pé mo kú ọdún. Àpò sìmẹ́ǹtì ni mo fi bo ìdí relé.

Ẹni tí ó gbọ́n ìbá jáwọ́, ṣùgbọ́n ìjọba Èkó ni kò jẹ́. Ní 1977, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, wọ́n ṣòfin pé kí ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣeé pín sí méjì ní ọjọ́ tirẹ̀ lójú títì, kí èyí tí kò ṣeé pín náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Ṣé ẹ mọ àwa ọmọ Èkó. Dípò kí ẹni tí ó lówó fi ẹsẹ̀ rìn lọ́jọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, ńṣe ni ó lọ ra ọkọ̀ kejì. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ wa sáré ra tirẹ̀, kò wo nọ́ńbà dáadáa, ìgbà tí ó sì gbé e délé ni ó rí i pé tuntun àti ògbólógbòó jọ ṣeé pín sí méjì ni. Báyìí ni ó ṣe fi ìbínú ta ògbólógbòó fún mi, Volkswagen kékeré oníhò, irú èyí tí a ń pè ní ìjàpá.

Ìjàpá ọmọ Jámánì! Abẹ̀yìn-kìtì bí ẹni tí ń fara pamọ́ fún olówó èlé, a-gbé-ẹrù-síwájú-gbé-agbára-sẹ́yìn, a-rìn-jìnnà-má-bèèrè-omi, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ké kọ̀ẹ̀kọ̀ẹ̀ bí adìyẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ náà ju bí ó ti yẹ lọ. Ohun tí ó sì jọ mí lójú jù nínú rẹ̀ ni ọgbọ́n tí àwọn Jámánì dá sí ìfọ̀ gíláàsì iwájú: wọn kò fi mọ́tò kankan sí i, ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín kan ni wọ́n fà láti ara sípéà táyà tí ó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ sí ike omi, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá ti tẹ bọ́tìnnì, atẹ́gùn inú táyà ni yóò ti omi náà jáde fìn-ín sí ojú gíláàsì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà nígbà náà ní Yàbá tí ó ní Peugeot 504 tuntun, èyí tí wọ́n tò ní Kàdúná. Lẹ́yìn Àjíǹde ọdún 1978, ó di ẹni tí kò ṣeé bá sọ̀rọ̀ mọ́, nítorí pé Jean-Pierre Nicolas, ọmọ Faransé, ṣẹ̀ṣẹ̀ fi 504 gba ipò kìíní nínú eré Safari ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, ọ̀rẹ́ mi sì ń rìn bí ẹni pé òun ni ó jókòó ti ọkùnrin náà. Mo rán an létí pé ní 1962, Tommy Fjastad fi ìjàpá gba Safari kan náà, àti pé ìjàpá ti gbà á ṣáájú ìyẹn, ní 1954 àti ní 1957, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì lálàá 504. Ó ní èyí tí ó ti kú ni mo ń kà. Mo ní kí a wò ó lójú títì. Ẹnì kan tí ó dàgbà jù wá lọ, tí a fi ṣe adájọ́, gbìyànjú láti pẹ̀tù sí i. Ó sọ fún wa pé ní 1972, nínú eré Bandama ní Ivory Coast, gbogbo ọkọ̀ tí ó gbéra ni ọ̀nà gbé mì, kò ku ẹyọ kan tí ó parí eré. A fi í rẹ́rìn-ín.

A pinnu pé òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni, kí títì lè dá. Láti ẹnu Pápá Ìṣeré ńlá tí ó wà ní Sùúrùlérè ni a ó ti gbéra, ojú Western Avenue tí wọ́n ń pè ní Funsho Williams lónìí, a ó gba Ìpónrí, a ó yí ráńdábáòtù Costain po, a ó sì padà sí ibi tí a ti gbéra. A dá owó ra ife onírin dídán ńlá kan, a gbé e sórí tábìlì ìyá alákàrà kan létí títì, òfin wa kò sì ju ẹyọ kan lọ: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ kan ife ni ó ni ín. Ẹ fi ìyẹn náà sọ́kàn.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà, nínú aṣọ iṣẹ́ tí mo yá lọ́wọ́ mẹkáníìkì mi ní Mùṣin, èrò ti pé, ọmọdé ni ó sì pọ̀ jù. Mo tẹ bọ́tìnnì, omi tú fìn-ín, àwọn ọmọdé hó yèè. Mo tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún hó, ọ̀kan nínú wọn ń ké pé, "Ìjàpá ń tọ̀ o!" Ẹ̀yin ará, ìyìn dùn. Mo tẹ bọ́tìnnì yẹn títí ike omi fi gbẹ, mo tún rọ omi sí i, mo tún tẹ̀ ẹ́, títí omi náà fi wá ń kán tó, tó, tó, bí imú ẹni tí òtútù mú. Mo bọ́ kóòtù mi, tòun ti owó tí ó wà nínú rẹ̀, mo fi lé adájọ́ lọ́wọ́, ó ju áńkáṣíìfù sókè, a gbéra.

Kí n má parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, 504 fi mí sílẹ̀ kí n tó wọ jíà kejì. Ìgbà tí mo fi máa dé Ìpónrí, ìrù rẹ̀ nìkan ni mo ń rí lókèèrè, ìgbà tí mo sì fi máa sún mọ́ Costain, ó ti yí po, ó ti ń padà bọ̀ ní apá kejì títì, ó ń fun fèrè sí mi bí ìyàwó ojú ọ̀nà. Ìbínú ru bò mí lójú. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé ní 1969, ní Èbúté-Mẹ́ta, ni mo kọ́ ọkọ̀ wíwà, nígbà tí gbogbo Nàìjíríà ṣì ń wakọ̀ lápá òsì, kí ìjọba tó kó gbogbo wa sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972. Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi ń wakọ̀ lápá ọ̀tún láìṣìnà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo já sí ráńdábáòtù náà tòun ti ìbínú, ọwọ́ mi rántí ohun tí orí mi ti gbàgbé, mo sì gba apá òsì wọ̀ ọ́ bí ẹni pé Gómìnà Òyìnbó ṣì wà ní Marínà.

Danfo ni ó ń bọ̀ níwájú mi, ó kún fọ́fọ́ fún àwọn tí ń lọ sí ìsìn àárọ̀. Mo yà, ó yà. Táyà mi gun ẹ̀bá títì, ó sì bẹ́ gbàù. Awakọ̀ danfo náà bọ́ sílẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Òyìnbó ti lọ, apá òsì ti bá wọn lọ, ìwọ ta ni ó fi ọ́ sílẹ̀ síbí?" Àwọn èrò ọkọ̀ rẹ̀ ṣe àmín. N kò fèsì, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí n lè yọ sípéà táyà, mo fọwọ́ kàn án, ó sì tẹ̀ wọnú bí ẹ̀kọ tí kò jinná. Gbogbo atẹ́gùn rẹ̀ ni mo ti fi dá àwọn ọmọdé lára yá. Àwọn bàbá wa ní ìjàpá ń lọ sájò, wọ́n bi í pé ìgbà wo ni yóò dé, ó ní ó di ìgbà tí òun bá tẹ́. Mo ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi pa, mo sì wọ danfo.

Inú danfo yẹn ni mo ti mọ ohun tí à ń pè ní eré. Irú ẹ́ńjìnnì tí ó wà lẹ́yìn ìjàpá mi náà ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìwọ̀nba agbára kan náà, pẹ̀lú èrò tí ó lé ní méjìlá, agbọ̀n tòmátì kan àti kọ̀ńdọ́ tí ó fi ẹsẹ̀ kan dúró sẹ́nu ọ̀nà; síbẹ̀, Nicolas fúnra rẹ̀ ìbá yà fún wa. Ní Ìpónrí, mo rí 504 ọ̀rẹ́ mi létí títì, ọlọ́pàá kan dúró tì í, ó ń yẹ ìwé ọkọ̀ wò lójú ewé kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ìwé ìtàn. Mo tẹrí ba sẹ́yìn gèlè ìyá kan títí a fi kọjá.

Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Àńjọ̀fẹ́ kú, a kò rí ẹnì kan. Àwọn ọlọ́pàá náà ti kọ́kọ́ gba ẹnu Pápá Ìṣeré kọjá, gbogbo èrò wa sì ti túká, adájọ́ pàápàá ti sá lọ, ó sì ti gbé kóòtù mi sá. Ìyá alákàrà àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó kù, àti ife lórí tábìlì. Mo bọ́ sílẹ̀, kọ̀ńdọ́ bọ́ tẹ̀ lé mi. "Bọ̀dá, owó dà?" Mo fọwọ́ tọ́ aṣọ mẹkáníìkì lápò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí nǹkan níbẹ̀ ju nọ́ọ̀tì kan lọ. Kọ̀ńdọ́ kò bá mi jiyàn. Ó na ọwọ́, ó gbé ife, ó ní òun á fi ṣe ìdógò.

Ọmọbìnrin alákàrà náà wò mí, ó wo kọ̀ńdọ́, ó tú ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀, ó sì ka kọ́bọ̀ mẹ́wàá fún un. Bí ife ṣe dé ọwọ́ mi nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, mo ní mo dé, n kò bá ẹnì kan, mo sì mú ohun tí ó jẹ́ tèmi. Àwọn tí ó sá kò lè bi mí léèrè, ọ̀rẹ́ mi onípeugeot kò sì fẹ́ kí a dárúkọ ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n bí òfin bá jẹ́ òfin, kọ̀ńdọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ kan ife. Òun ni ó gba ipò kìíní.

Mo fẹ́ ọmọbìnrin náà ní ọdún méjì lẹ́yìn ìgbà náà. Ife yẹn ni ó fi ń bu gààrí nílé wa títí di òní, ó sì ní n kò tíì san kọ́bọ̀ mẹ́wàá òun.