Omi Tí Ọkọ̀ Ń Mu

Nílé, olówó ọkọ̀ kì í fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò dúró sí, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, yóò máa bi ọ̀gá mẹkáníìkì pé, “Bàbá, ṣé kò kúkú le?” Ọ̀gá náà yóò nàka sí ọmọ iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ ni iná yóò jó lọ́wọ́. Àwa tí a wà ní Chicago kò rí irú oyè bẹ́ẹ̀ jẹ. Owó tí mẹkáníìkì ibí ń gbà fún wákàtí kan péré, bí ẹ bá sọ ọ́ di náírà, ẹ lè fi ṣe ìkómọ. Nọ́ọ̀sì o, akọ̀wé o, pásítọ̀ o, gbogbo wa la di mẹkáníìkì ọ̀sán Sátidé, YouTube sì ni ọ̀gá wa.

Iṣẹ́ tó máa ń kọ́kọ́ kan ẹni tó bá ra àlòkù ni kó fọ inú rádíétọ̀ kó sì pààrọ̀ kúláǹtì kí òtútù tó dé. Omi tó bá di yìnyín máa ń fẹ̀ ní bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, irin ẹ́ńjìnnì kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sún fún àlejò. Ńṣe ni yóò là. Ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Kìíní ọdún 2019, òtútù ìlú yìí lọ sí ìwọ̀n Celsius 31 nísàlẹ̀ òdo. Àbọ̀ omi àbọ̀ kúláǹtì kì í dì títí yóò fi tó bíi 37 nísàlẹ̀ òdo. Ẹni tó bu omi ẹ̀rọ nìkan sí tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, bọ́ọ̀sì ni yóò máa wọ̀.

Ẹ wá sọ èyí fún wọn nílé. “Yìnyín wo ló wà n'Íbàdàn?” Omi kànga, omi inú ọ̀rá tí kọ̀ńdọ́ mu kù, kò sí èyí tí rádíétọ̀ ń kọ̀. Bí ọkọ̀ bá wá hó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mọ́kọ́lá, awakọ̀ á sọ àkísà tútù mọ́ ìdérí, èrò á máa fẹ̀yìn rìn, kí ẹ tó ṣẹ́jú, àwọn tí kò mọ ara wọn rí ti di ìgbìmọ̀. Èyí ní fáànù ni, tọ̀hún ní tọ́ọ̀pù gáàsíkẹ́ẹ̀tì ló ti lọ, oníbúrẹ́dì ní ẹ jẹ́ ká gbàdúrà ná. Mo fẹ́ràn ìgbìmọ̀ yẹn dé góńgó. Ìpinnu wọn, pé omi lásán ti tó, ni mi ò lè fọwọ́ sí. Kúláǹtì kì í ṣe oògùn òtútù nìkan: oògùn ìpata wà nínú rẹ̀, bí ìdérí rádíétọ̀ bá sì dè dáadáa, ooru lè kọjá 120 kí ó tó hó. Ta ló nílò ìyẹn ju ará Mọ́kọ́lá lọ?

Thermostat ló wá ń dùn mí jù. Ohun kékeré bẹ́ẹ̀, òun ló ń dí ọ̀nà omi títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dé bíi 82 sí 90. Mẹkáníìkì ilé á yọ ọ́ sọnù: “Bọ̀dá, ti òyìnbó nìyẹn, ilẹ̀ tiwa gbóná.” Ẹ́ńjìnnì kò ní gbóná tó, ọkọ̀ á sì máa mu epo bí ọ̀mùtí.

Camry tí mo rà, olówó rẹ̀ àtijọ́ búra pé òun tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Kúláǹtì Toyota ayé ìsinsìnyí pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ni, wọ́n sì ní kí a pààrọ̀ rẹ̀ ní máìlì 100,000 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní 50,000-50,000. Mo dúró kí ọkọ̀ tutù pátápátá, mo gbé abọ́ sísàlẹ̀, mo tú kọ́ọ̀kì. Ohun tó ṣàn jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ gbẹ̀gìrì àná. Ìbúra parí síbẹ̀.

Distilled water ni a fi ń fọ̀ ọ́. Ẹ ó rọ ọ́ kún, ẹ ó ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, ẹ ó tan hítà dé òpin kí omi lè dé ibi tí hítà ti ń mu, ẹ ó jẹ́ kó tutù, ẹ ó dà á nù, títí tí yóò fi mọ́ kedere. Nínú ooru oṣù Kẹsàn-án ni èmi jókòó sínú ọkọ̀, hítà ń fẹ́ sí mi lójú, òógùn bò mí. Aládùúgbò mi wá kan fèrèsé, ó ní ṣé kí òun pe ẹnì kan fún mi.

Ibi tí iṣẹ́ le sí ni omi ìdọ̀tí. Nílé, ilẹ̀ la ó dà á sí, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ewúrẹ́ kọjá. Nítorí adùn ni kúláǹtì ní, májèlé sì ni. Níbí, ajá ní dókítà tirẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ dán an wò. Ẹ ó rọ ọ́ sínú gálọ́ọ̀nù, ẹ ó kọ orúkọ sí i, ẹ ó gbé e lọ síbi tí ìjọba ìlú ń gba kẹ́míkà. Mo tò sórí ìlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì mi, mo ń fi fóònù ròyìn fún àbúrò mi n'Íbàdàn. Bàbá kan tó wà níwájú mi yíjú padà, ó bojú wo gálọ́ọ̀nù náà, ó mi orí:

“Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n thermostat yẹn, ẹ̀ bá ti yọ ọ́ dànù.”