Ìjàpá, Alága Ẹgbẹ́ Adáàbòbò Òkun

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbágbòó, kò balẹ̀ lórí ẹlòmíràn, orí Ìjàpá ọkọ Yánníbo ló balẹ̀ sí, àti orí òkun tí Ìjàpá kò dé rí.

Ní ọjọ́ kan, àwọn ẹranko oko láàrin Ẹrúnmu àti Àṣejírè, ní Ẹgbẹ́dá, gbọ́ pé òkun ń bínú. Lékèélékèé tó ń ti etíkun bọ̀ ló mú ìròyìn wá. Ó ní òkun ti ń jẹ ilé jẹ títì ní Ayétòrò, ìlú tí àwọn aládùúrà tẹ̀ dó nílẹ̀ Ìlàjẹ ní 1947. Ó ní lóṣù kẹjọ 2012, òkun yìí kan náà ru dé Kuramo l'Ékòó, ó sì gbé èèyàn lọ. Ọ̀rọ̀ yìí dun àwọn ẹranko débi pé wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ igi odán. Ẹ má bi mí pé kí ló kan Ọ̀yà tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ nínú ọ̀rọ̀ òkun. Ohun tó bá jìnnà síni kì í ṣòro láti ṣàánú fún.

Ìjàpá ní kò bójú mu kí ẹgbẹ́ máa dáàbò bo ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fojú rí. Kí wọ́n dáwó, òun á bá wọn lọ wò ó. Ọ̀yà san tirẹ̀, Òkété ta ẹyìn, Àparò ta àgbàdo tó tú nínú ebè olóko. Wọ́n fún Ìjàpá ní owó ọkọ̀ ojú irin láti Mọníyà dé Èkó, owó oúnjẹ, àti owó ibùsùn ọjọ́ méje.

Ìjàpá kò tilẹ̀ kọjú sí Mọníyà. Àṣejírè ló yà sí, níbi tí ìjọba ti sé Ọ̀ṣun mọ́ láti 1972 kí ará Ìbàdàn lè rí omi mu. Ó jókòó létí omi, ó ń fi ẹja yíyan ti ẹ̀bà lọ́nà ọ̀fun títí ọjọ́ fi pé. Nígbà tó fẹ́ padà, ó bu omi sínú kèrègbè, ó da iyọ̀ sí i, ó rò ó pọ̀.

Gbogbo ẹgbẹ́ tọ́ ọ wò. Iyọ̀! Wọ́n hó yèè. Ìjàpá di ọ̀mọ̀ràn òkun. Ó ní òkun kò tó bí wọ́n ti ń pariwo rẹ̀, pé ògiri ńlá kan ni wọ́n fi dí i níwájú, mọ́tò sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí Ifẹ̀.

Àparò ní, "Òkun wo ló wà lọ́nà Ifẹ̀?"

Wọ́n ní, "Ìwọ ti dé òkun rí ni?" Àparò pa ẹnu mọ́.

Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ẹgbẹ́ dé. Wọ́n ṣe piọ́ wọ́tà, wọ́n sì tẹ àwòrán Ìjàpá sára ọ̀rá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, orúkọ ẹgbẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n mu ún, wọ́n jó, wọ́n kó ọ̀rá dà sínú odò kékeré ẹ̀yìn oko, èyí tó ń wọ inú Ọ̀ṣun nísàlẹ̀ Àṣejírè.

Ìgbín nìkan ló nawọ́. "Alága, àwọn ọ̀rá yìí ńkọ́?"

Ìjàpá ní, "Inú odò ni wọ́n dà á sí, wọn kò dà á sí òkun. Odò kò sí nínú òfin ẹgbẹ́ wa. Ẹ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀."

Òkété dìde, ó fẹ́ rán wọn létí Ògùnpa, bí pàǹtí ṣe dí odò náà lọ́nà tó fi ya wọ Ìbàdàn lọ́jọ́ 31, oṣù kẹjọ, 1980. Wọ́n ní kó jókòó. Òkun ni wọ́n ń sọ, ó ń sọ Ògùnpa.

Odò kò ka òfin ẹgbẹ́. Ó gbé ọ̀rá fún Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun gbé e gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó gbé e fún ọ̀sà Lẹ́kkí lọ́hùn-ún lápá Ẹ̀pẹ́, ọ̀sà Lẹ́kkí gbé e fún ọ̀sà Èkó, ó di ẹnu ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà wọlé. Ó di òkun.

Kò pẹ́, ẹgbẹ́ tún ń ṣe ìpàdé lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ orin létí odò. Akàn ló ń bọ̀, ó fi èékánná há ọ̀rá kan:

Ìjàpá, Ìjàpá ará òkè,
*Ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀, omi ń relé.*
Mo rójú rẹ lára ọ̀rá,
*Ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀, omi ń relé.*
Ìbátan rẹ ló gbé e mì,
*Ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀, omi ń relé.*
Oúnjẹ kò rọ́nà kọjá mọ́,
*Ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀, omi ń relé.*

Akàn ṣàlàyé. Ìjàpá òkun ló kú, ìyá arúgbó tó máa ń gun iyanrìn Èkó lóru láti yé ẹyin. Ẹran omi kan wà tó rọ̀, tí ara rẹ̀ mọ́ gaara, tó ń léfòó. Òun ni oúnjẹ ìyá náà. Ìyá rí ọ̀rá, ó ṣe bí ẹran yẹn ni. Ọ̀rá dí i nífun, ebi pa á kú.

Gbogbo wọn wo Ìjàpá. Ìjàpá bú sẹ́kún, ẹkún gidi, ó ń fọn imú. Ó ṣe díẹ̀, ó gbórí sókè.

"Akàn, níbo lẹ ti rí àwòrán mi?"

"Inú òkun ni, Alága."

"Ẹ gbọ́ o! Ta ló ní mi ò dé òkun?"

Àtẹ́wọ́ sọ. Àparò fúnra rẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ àforíjì.

Wọ́n wá ní ìbátan Alága kì í kú kó lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú aṣọ ẹbí, wọ́n dá owó màlúù. Yánníbo mọ ẹni tó ń tẹ ọ̀rá ní Ìwó Róòdù, wọ́n ní kó lọ ṣe igba àpò piọ́ wọ́tà, kí àwòrán olóògbé wà lára rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ ojú olóògbé. Ìjàpá ní kí wọ́n fi ti òun sí i, ó ní àwọn jọra.

Wọ́n fún Akàn ní iyán, wọ́n fi piọ́ wọ́tà méjì tì í. Ó bọ́ sínú odò, ó doríkọ ilé. Kò tíì dé Ìjẹ̀bú tó fi rí Ìjàpá tó léfòó kọjá lórí rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ìyá rere, sùn-ún-re o.