Ta Ló Ń Pe Oníkámẹ́rà Wá Ya Bíríkì?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọn tó ń fi kámẹ́rà wé kámẹ́rà. Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn: ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, òkú àgbà, ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún ẹni tó ti lé ní àádọ́rin. Mo fẹ́ ra kámẹ́rà full-frame, mo sì ní kí n kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń sọ. Láti ìgbà náà ni orí ti ń fọ́ mi.

Full-frame fúnra rẹ̀ kì í ṣe awo. Sẹ́ńsọ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 36 sí 24, ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú fọ́tò fíìmù tí Leica gbé dé ọjà ní 1925. Ó fẹ̀ ju ìlọ́po méjì sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà tí mò ń lò báyìí lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń ríran nígbà tí iná bá ṣe bàìbàì. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Rárá o! Wọ́n ní megapixel ńkọ́? Canon full-frame tó jáde ní 2002 ní 11. Nikon D800 gbé e dé 36 ní 2012. Sony A7R IV sọ ọ́ di 61 ní 2019. Wọ́n á wá gbé fọ́tò ògiri kan síwájú yín, wọ́n á sún un mọ́ yín títí ẹ ó fi rí ihò inú bíríkì, wọ́n á ní, "Ẹ wo ìyàtọ̀!" Ta ló ń pe oníkámẹ́rà wá sí òwàmbẹ̀ kó wá ya bíríkì?

Níbo sì ni fọ́tò náà ń lọ? WhatsApp á fún un pọ̀. Instagram á fún un títí ìbú rẹ̀ fi di pixel 1080, gbogbo rẹ̀ kò sì ní pé megapixel méjì. Èyí tó ṣẹ́kù nínú 61, ta ló kó o lọ? Àmọ́ èmi ni mo máa tọ́jú rẹ̀ o. Fọ́tò RAW (èyí tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe) kan ṣoṣo láti inú irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀, tí wọn ò bá fún un pọ̀, lè tó megabyte 120. Tí mo bá ṣí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, kọ̀ǹpútà mi á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí arúgbó tó gun ilé ìṣọ́ Láyípo l'Ókè Ààrẹ.

Ohun tó ń pa wá gan-an, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń gbà kọjá lára rẹ̀. Iná gbọ̀ngàn ni. Gbogbo ìdí pẹpẹ ìyàwó báyìí, LED ni. Ọ̀pọ̀ iná náà ń ṣẹ́jú, ojú wa ni kò rí i. Tí ẹ bá wá fi kámẹ́rà sí ṣọ́tà tí kì í dún, ìlà kọ̀ọ̀kan ni ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ ń kà láti òkè wá sísàlẹ̀. Kó tó kà á tán, iná ti pa, ó ti tàn, ó tún ti pa, gbogbo ìpaná yẹn ló máa hàn lórí fọ́tò ní ìlà-ìlà. Ọ̀rẹ́ mi kan fi fọ́tò han ìyá ìyàwó, ìyá ní òun ò kọlà láti kékeré, ta ló wá kọ ọ́ fún òun lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ òun? Ẹ ní ká lo ṣọ́tà tó ń dún? À ń lò ó. Pásítọ̀ ló ní ariwo wa kò jẹ́ kí Ẹ̀mí sọ̀kalẹ̀.

Sony wá kéde A9 III ní 2023, èyí tó ń ka gbogbo sẹ́ńsọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà tán. Èló nígbà yẹn? Nǹkan bíi 6,000 dọ́là. Megapixel mélòó? 24, iye tí àwọn èèyàn yìí kan náà ti ní ó ti di ti àtijọ́!

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó ná. Nígbà tí Sony A7 III jáde ní 2018, nǹkan bíi 2,000 dọ́là ni, dọ́là kan sì wà ní nǹkan bíi náírà 360 lọ́jà. Ní 2024, dọ́là kan ti kọjá náírà 1,500. Wọ́n ní owó kámẹ́rà yìí ti wálẹ̀. Wálẹ̀ síbo? Èyí tó ti gbó wá wọ́n ju ìgbà tó wà lọ́mọge lọ. Leica M11, tó tó 9,000 dọ́là nígbà tó jáde ní 2022, kò tilẹ̀ lè fi ara rẹ̀ mú ojú èèyàn. Ọwọ́ lẹ ó fi yí lẹ́ńsì rẹ̀. Ẹni tó bá lówó jù ló máa ṣiṣẹ́ jù.

Mo wá lọ wo tòkunbọ̀. Ọmọkùnrin tó ń tà á búra pé ìyá arúgbó kan ló ń lò ó ní London, ọjọ́ Sunday nìkan. Mo wo iye ìgbà tí ṣọ́tà rẹ̀ ti ṣí: 180,000. Ìyá yẹn ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rárá.

Wọ́n tún ní àwọ̀ ara Canon dáa jù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìfiwéra tí mo wò, òyìnbó ni wọ́n fi dán an wò. Ẹ bá mi wá ẹni tó máa fi kámẹ́rà méjì ya ìyá àgbà tó dúdú mìnìjọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ ìyàwó tó wọ lééṣì funfun, ní aago méjìlá ọ̀sán, kí ojú ìyá má ṣókùnkùn, kí lééṣì má sì di ìmọ́lẹ̀ lásán. Irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀ ni mà á fara balẹ̀ wò.

Ìyàwó mi, Ìyá Dámọ́lá, ti bi mí pé èló ni kámẹ́rà tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Mo sọ iye kámẹ́rà fún un, torí kámẹ́rà ló béèrè. Lẹ́ńsì ọ̀tọ̀ ni. 24-70 f/2.8 tí Sony fúnra wọn ṣe, tuntun, ju 2,000 dọ́là lọ nígbà tó jáde. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá pàdé Ìyá Dámọ́lá lọ́jà, ẹ kí i dáadáa, kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ.