Lẹ́tà Ṣíṣí sí Bàbá Onílé Wa, Lórí Ọ̀rọ̀ Kànga Ẹ̀yìnkùlé

Bàbá Onílé wa,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé ẹ lè fi nǹkan kún owó ilé mi tí ẹ bá ka lẹ́tà yìí tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ ní gbangba, kí gbogbo àdúgbò wa, Agbowó, lè bá mi bẹ̀ yín.

Ẹ kú ìnáwó bọ́ọ̀hóòlù. Òun lẹ fi polówó ilé fún wa: omi ń yọ tọ̀sán-tòru! Ẹ kàn gbàgbé láti sọ pé Nẹ́pà ló ni ọ̀sán, òun náà ló ni òru. Nígbà tí iná ìjọba dákú nínú oṣù kẹwàá ọdún 2024, tó jí, tó tún dákú, ẹnu ẹ̀rọ wa gbẹ pátápátá. Jẹnẹrétọ̀ "I pass my neighbour" yín ń gbé fáànù, ó ń gbé tẹlifíṣọ̀n tí ẹ fi ń wo bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n pọ́ńpìn-maṣíìnì tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Ibo la wá gbà? Ẹ̀yìnkùlé, nídìí kànga àtijọ́.

Kànga yẹn gan-an ni ẹjọ́ mi. Omi rẹ̀ mọ́ lójú, mi ò jiyàn. Àmọ́ àwọn onímọ̀ ìlera ní kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó mítà 30, sọ́kàwéè tiwa kò sì jìnnà sí i ju ibi tí ẹ ti ń ta ayò lọ. Ojú kò lè rí kòkòrò onígbáméjì. Ọdún 2024 yẹn náà ni àrùn yìí jà l'Ékòó, tó sì gba ẹ̀mí.

Nígbà tí mo sọ ọ́, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Omi odò la mu dàgbà, kò pa wá." Òótọ́ ni, Bàbá. Àwọn tó pa ni kò sí ńlẹ̀ láti wá bá yín jiyàn.

Ẹ wá da álọ́ọ̀mù sí i, ẹ ní ó parí. Álọ́ọ̀mù ń fa ìdọ̀tí sísàlẹ̀ ni, kò pa kòkòrò. Kí omi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan gbáko ló ń pa á, ká bò ó, kó tutù nínú ìkòkò tí a fi sè é. Ẹ ó ní gáàsì ti wọ́n. Ó wọ́n lóòótọ́. Bílíìsì ìfọṣọ wà, èyí tí kò ní òórùn dídùn, tí kò sì ní àwọ̀. Tí wọ́n bá kọ ìdá 5 sí 6 nínú ọgọ́rùn-ún sára ike rẹ̀, ìlàjì ṣíbí kékeré tí a fi ń ro tíì ti tó fún kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Ká mì í dáadáa, ká dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Omi tó bá rú, aṣọ mímọ́ la ó kọ́kọ́ fi sẹ́ ẹ. Kódà oòrùn tí Ìyá Onílé fi ń sá èlùbọ́ wúlò: omi tó mọ́ gaara nínú ike tí a lè rí inú rẹ̀, tí kò ju lítà 2 lọ, ká sá a fún wákàtí 6. Tí ojú ọ̀run bá ṣú, ó di ọjọ́ 2.

Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ fi kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù yín ṣe? Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ pọnmi sí i, ẹ bu fún àlejò. Àlejò mu ún, ó wojú yín, ó dúpẹ́. Ìwà ọmọlúàbí rẹ̀ ló ṣì ń yà mí lẹ́nu títí dòní. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ẹ̀gì tó bá ti gbé epo rí kò ṣeé fi mu omi mọ́. Kẹ́ẹ̀gì omi ẹlẹ́nu tóóró tó ní ọmọrí ló dára, ká máa dà á sínú ife. Garawa tí gbogbo ilé ń tọwọ́ bọ̀, àwọn ìka wa ló ń ba omi rẹ̀ jẹ́, bó ti wù kó mọ́ tó nígbà tí a pọn ọ́n.

Nígbà tí iná bá dé, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ kan pariwo "Up NEPA" lásán. Kí ẹnì kan sáré tan pọ́ńpìn-maṣíìnì, kí táńkì kún kí wọ́n tó tún mú iná lọ. Kí omi àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín. Ròbà tí a fi ń fami nínú kànga, ẹ bá wa gbé e kọ́ sókè. Ewúrẹ́ yín máa ń lá a.

Ní ti owó omi tí ẹ ní mo jẹ, mo ti dì í sínú àpò ìwé. Ọjọ́ tí omi bá yọ lẹ́nu ẹ̀rọ mi láìsí iná Nẹ́pà, ẹ rán ọmọ wá gbà á.

Èmi ni,
Ayálégbé yín, ilẹ̀kùn kejì lọ́wọ́ ọ̀tún.