Oríkì Olè-tí-ń-wá-Olè

Ìbà ni kí n kọ́kọ́ ṣe, nítorí ẹni tí yóò ki ọba ní láti mọ ẹni tí ó bí ọba. Mo júbà Arthur Conan Doyle, àgbà òǹkọ̀wé tí ìtàn Sherlock Holmes rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1887. Mo júbà Agatha Christie, ìyá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Poirot. Mo sì júbà ẹ̀yin ará Parakou ní ilẹ̀ Benin, Bàrìbá, Dẹ́ńdì àti Yorùbá tí a jọ ń ná ọjà Arzèkè, pé kí ẹ yọ̀ǹda ohùn fún mi, nítorí ẹni tí mo fẹ́ kì lónìí kì í ṣe ọba ìlú, kì í ṣe balógun, kì í sì í ṣe ọlọ́jà, bí kò ṣe ìwọ, fíìmù ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àtijọ́, ìwọ tí wọ́n fi owó ẹ̀kọ yà, tí wọ́n sì fi orúkọ ńlá pè.

Olówó-pọ́ọ́kú, ọmọ afi-ọjọ́-díẹ̀-ṣe-iṣẹ́-ọdún! Dúdú-òun-funfun tí kò mọ pupa, tí ẹ̀jẹ̀ òkú rẹ̀ fi jọ tàdáwà! Awọ-kùrukùru-bí-agbádá, tí ń da ìkùukùu bo òpópó London kí àwa òǹwòran má baà rí i pé pákó ni ilé, páálí ni ògiri, àti pé California ni gbogbo ìlú náà wà! Láàárín ọdún 1942 sí 1946, ilé iṣẹ́ Universal bí méjìlá nínú irú ọmọ rẹ: Basil Rathbone ni Holmes, Nigel Bruce ni Watson ọ̀rẹ́ rẹ̀, Roy William Neill sì ni ó darí mọ́kànlá nínú wọn; púpọ̀ nínú wọn kò gùn ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, nítorí ibi tí owó bá parí sí ni ìtàn ń parí sí. Holmes tí gbogbo wa mọ̀ sí ọmọ ayé Ọbabìnrin Victoria, ìwọ ni o gbé e fo ogójì ọdún láìjẹ́ kí ewú kan yọ lórí rẹ̀, tí o ní kó lọ bá àwọn ènìyàn Hitler jà. Ajẹ́-kí-àgbà-má-gbó, mo kí ọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dé ibi tí orí mi ti wú jù lọ, èyíinì ni fíìmù rẹ tí ń jẹ́ Terror by Night, ti ọdún 1946. Ìwọ tí o fẹ́ fi ọkọ̀ ojú irin tan ará Parakou jẹ, ǹjẹ́ o mọ ibi tí o dé? Ojú irin tí àwọn Faransé là láti Kútọnu, tí ó gba Bohicon, tí ó gba Dassa, tí ó gba ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ àti Tchaourou kọjá, kìlómítà 438 gbáko, tí wọ́n ní yóò dé ilẹ̀ Niger, ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni ó dúró sí, tí kò sì tẹ̀ síwájú mọ́. Níwájú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ti fi ojú irin ṣe òwò, tí wọ́n sì ti fi ṣe ọ̀nà oko àti ọ̀nà àna, ni o gbé ọkọ̀ alẹ́ kan kalẹ̀, tí ó kúrò ní London tí ó ń lọ sí Edinburgh, tí ẹ̀rọ tí ń fà á sì ń paradà bí ọ̀gà: bí a bá wo ìta, ẹ̀rọ kan ni, bí Holmes bá bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ tán tí a tún wo ìta, ẹ̀rọ mìíràn ni, nítorí àwòrán tí àwọn ẹlòmíràn ti yà sílẹ̀ fún iṣẹ́ tiwọn ni o ṣà jọ tí o fi ṣe ìrìn àjò. Apààrọ̀-ẹ̀rọ-láìdúró-ní-ibùdó! Kò sí òṣìṣẹ́ ojú irin kan láti Kútọnu títí dé ìhín tí ó lè ṣe é bí ìwọ.

Nínú ọkọ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣọ́ dáyámọ́ńdì kan tí ń jẹ́ Star of Rhodesia. Wọ́n pa ènìyàn nítorí rẹ̀. Holmes mọ̀ pé pósí tí wọ́n gbé wọ ọkọ̀ ní ihò ìkọ̀kọ̀ tí ènìyàn lè sá pamọ́ sí. Ó mọ̀ pé ọ̀gágun tí ń bá Watson ṣeré bí ọ̀rẹ́ àtijọ́ ni Sebastian Moran, ìkà ènìyàn. Gbogbo èyí ni ó mọ̀ láàárín ọgọ́ta ìṣẹ́jú, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè, àní kò tilẹ̀ fi gíláàsì rẹ̀ wò ó, bí òkúta ilẹ̀ Áfíríkà ṣe di ohun ìní ìyáàfin kan ní London. Olè-tí-ń-wá-olè, orúkọ rẹ nìyẹn, mo ti rí i! Àwọn àgbà ní olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta. Bóyá ìdí rẹ̀ nìyí tí o fi mọ iṣẹ́ yìí tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí ìwọ fúnra rẹ, kí ni o kò jí? Ní ọdún 1933 àwọn kan ra orúkọ ìwé Conan Doyle, A Study in Scarlet, wọn kò sì ra ìtàn inú rẹ̀. Wọ́n gbé orúkọ náà lé ìtàn mìíràn tí kò bá a tan rárá, ilé Holmes tí gbogbo ayé mọ̀ sí 221B Baker Street sì di 221A. Reginald Owen ni Holmes níbẹ̀, ẹni tí ó ti ṣe Watson nínú fíìmù mìíràn ní ọdún tí ó ṣáájú: ọmọ-ẹ̀yìn lánàá, ọ̀gá lónìí, oyè ń bẹ nílé rẹ fún ẹni tí ó bá tètè dé. Ní 1931 o mú Austin Trevor, o ní Poirot ni, o sì fá irunmú rẹ̀ mọ́lẹ̀, irunmú tí Poirot fi ń yangàn nínú ìwé. Afárí-adé, afọ́-dígí-kí-ojú-má-rí-ara-rẹ̀!

Àbúrò rẹ kan sì ń bẹ ní Jámánì tí n kò gbọdọ̀ gbàgbé, àwọn fíìmù òǹkọ̀wé Edgar Wallace tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yà ní 1959, tí wọ́n sì lé ní ọgbọ̀n, tí London inú púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ilẹ̀ Jámánì, tí òṣèré Klaus Kinski inú wọn kò sì tíì sọ̀rọ̀ kan tí adájọ́ fi lè fi ojú rẹ̀ nìkan dá a lẹ́bi.

Watson ni àánú rẹ̀ ṣe mí. Nínú ìwé, oníṣègùn ológun ni, ó fara gbọgbẹ́ ní Afghanistan, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń sọ ìtàn fún wa. Lọ́wọ́ rẹ ó di arúgbó tí ń kùn, tí kì í rí ohun tí ó wà níwájú imú rẹ̀, kí Holmes lè gbọ́n. (Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí kò nílò òmùgọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó lọ ka Lápàdé nínú Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969.) Kí ni kí n tún wí nípa ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Charlie Chan, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà tí o fi Warner Oland, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ṣe, tí o sì tún fi Sidney Toler, ọmọ Amẹ́ríkà, rọ́pò? Nígbà tí ó di ti ilé iṣẹ́ Monogram ní 1944, níbi tí owó ti tún kéré sí i, o fún un ní awakọ̀ kan tí ń jẹ́ Birmingham Brown, èyí tí Mantan Moreland, ènìyàn dúdú láti Louisiana, ṣe. Iṣẹ́ tí o sì yàn fún un ni pé kó máa la ojú gbàǹgbà, kó máa gbọ̀n, kó máa sá. Ẹ̀gàn ni o fi ṣe. Ṣùgbọ́n bí mo bá wò ó dáadáa, nínú gbogbo ilé tí òkú ti ń ṣubú láti inú kọ́bọ́ọ̀dù yìí, tí àwọn ọlọ́gbọ́n sì ń dúró ṣe àlàyé, òun nìkan ṣoṣo ni ó ń ṣe ohun tí ọlọ́pọlọ yóò ṣe: ó ń wá ẹnu ọ̀nà. Òun ni mo fẹ́ kì ní òótọ́, bí ìwọ bá lè yàgò fún un.

Ṣùgbọ́n o kò ní yàgò, nítorí náà gba oyè rẹ, kí n máa lọ. Mo fi ọ́ jẹ Olórí Olè-tí-ń-wá-Olè, láti ojú irin Parakou títí dé àdúgbò Banikanni. Àwọn tí ó ni ọ́ ní Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ sọ ẹ̀tọ́ àdàkọ wọn dọ̀tun nígbà tí àkókò rẹ̀ pé, tí ó fi jẹ́ pé mẹ́rin nínú àwọn méjìlá Universal, Terror by Night pẹ̀lú wọn, ti di ohun tí ẹnikẹ́ni lè mú níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ẹni tí ó bá sì ní fóònù lè rí wọn wò. Ibẹ̀ ni ó ti dùn mí. Akéwì kì í ki ènìyàn kí ó má retí owó lórí iwájú, ṣùgbọ́n mo ti kì ọ́ láti òwúrọ̀, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sí olówó rẹ kan tí yóò na náírà tàbí sẹ́fà sí mi.